MGB mi ń gbóná látìgbà tí a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. MGB ni, ọkọ̀ eré àtijọ́ ti iléeṣẹ́ MG nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Mo ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ inú rẹ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnì MGB irú 18V tí wọ́n ti tún ṣe rọ́pò rẹ̀, 1798cc bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́rin, wọ́n fi Ford Type 9 oní-gíà márùn-ún sí i, irú èyí tó wà nínú Sierra. Owó tí mekáníìkì gbà lọ́wọ́ mi, ẹ má bèèrè.

Látìgbà náà, bí mo bá ti dúró níbi iná ojú pópó, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lọ́nà márosẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Mo ti pààrọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì, mo ti fọ rédíétọ̀ tinú-tẹ̀yìn. Fáànù oníná tuntun ló wà níwájú rédíétọ̀, olówó ńlá, a sì ti yọ èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí kúrò. Mekáníìkì ní gbogbo MGB ló ń gbóná. Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn?

Kì í ṣe òun nìkan ló rẹ́ mi jẹ. Mo ra ẹ̀rọ iginíṣọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi sínú dístíríbútọ̀ dípò kọ́ńtáàtì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí pọ́lọ́ọ̀gì lè tan. Bí a ṣe so ó báyìí, ó jó. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ìyẹn náà jó, wọ́n wá ní àwọn ò dá owó padà mọ́. Rédíò tuntun tí mo rà kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Ọjà ayédèrú ti kún ìgboro! Kọ́ńtáàtì àtijọ́ ni mo padà sí. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ ṣègbéyàwó, mo sì ti ṣèlérí pé ọkọ̀ yìí ló máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kí n ra rédíétọ̀ alumíníọ̀mù ni?

Bàbá Gíà, Birmingham
Má ra rédíétọ̀ kankan, ọmọ mi. Rédíétọ̀ MGB tí inú rẹ̀ bá mọ́ tó ẹ́ńjìnì 1798 í tù. Dáhùn ìwọ̀nyí ná: ọdún wo ni ọkọ̀? Tẹ́mọ́sítáàtì oní-mélòó lo fi sí i? Ta ló tún táímìn ṣe nígbà tí o padà sí kọ́ńtáàtì?

Táímìn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí iná pọ́lọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kó tó tan, epo á ṣì máa jó nígbà tí ihò èéfín bá ti ṣí, gbogbo ooru á wọ orí ẹ́ńjìnì, omi ló sì máa gbé e. Àlàfo kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.35 sí 0.40 mm. Àlàfo ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o tó fọwọ́ kan táímìn, torí bí àlàfo bá yí, táímìn náà á yí. Tẹ̀lé 1-3-4-2, bí iná ṣe ń kan sílíńdà ní títò-títò, ọwọ́ dístíríbútọ̀ ń yí lòdì sí ọwọ́ aago.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí ẹ́ńjìnì tuntun, atẹ́gùn lè há sínú rẹ̀. Ṣí fáàfù hítà tó wà lára orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀ pátápátá, gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, kí o tó máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí Coventry
Ṣé ẹ ti yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì padà lórí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀? Ṣé ẹ ti sọ fún iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì pé gíábọ́ọ̀sì Ford ló wà nínú rẹ̀ báyìí? Ẹ fẹ́ gbé ìyàwó sínú ọkọ̀ tí inṣọ́ránsì lè kọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Ẹ ṣe ìyẹn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rédíétọ̀!

Láńre Luton
Tẹ́mọ́sítáàtì ni. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Àlàbí D-Type
Ta ló tilẹ̀ ní kí ẹ fi Type 9 sí i? Overdrive, gíà àfikún tó ń dín yíyí ẹ́ńjìnì kù lọ́nà márosẹ̀, tí MG fúnra rẹ̀ ń tà nígbà náà ń bẹ. Ẹ ti ba ọkọ̀ jẹ́.

Bàbá Gíà, Birmingham
Àlàbí, fara balẹ̀. Bí a bá wo iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí fún yíyí kan ọ̀pá tó ń jáde lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, gíà karùn-ún Type 9 jẹ́ 0.82, overdrive irú LH náà jẹ́ 0.82, irú D-type tirẹ sì wà ní nǹkan bí 0.80. Lọ́nà márosẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ohun tí a lè fi bá Type 9 wí ni gíà kìíní: 3.65 ni ti oní-sílíńdà mẹ́rin, ó kúrú, kíá lo máa fẹ́ wọ gíà kejì. 3.36 ni ti V6, ìyẹn rọrùn jù fún MGB. Àmọ́ bí ọkọ̀ náà bá ṣáájú òpin 1967, gíà kìíní àtijọ́ kò ní sínkíró, ohun tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wẹ́rẹ́, rárá. Ṣé ìyẹn ló wù ẹ́ kó máa lò?

Àlàbí D-Type
Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tẹ kọlọ́ọ̀ṣì kò nílò sínkíró.

Alábòójútó
Ẹ̀yin méjèèjì, gíábọ́ọ̀sì kọ́ ló ń mú omi gbóná. Ẹ jẹ́ kó dáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Ẹ ṣé, Bàbá. Tẹ́mọ́sítáàtì 82 ni, mo ti sè é nínú omi, ó ń ṣí. Táímìn wà níbi tó yẹ, mo fi iná wò ó. Mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, mo sítáàtì ẹ́ńjìnì, omi ò hó wúrúwúrú, nítorí náà gáskẹ́ẹ̀tì ò bẹ́. Àǹtí, mo ti gbọ́.

Kò sí ohun tí mo ṣe tó lòdì. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n so dáínámò àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, padà mọ́ ẹ́ńjìnì tuntun, kí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí i pé ọkọ̀ 1965 ni, kì í ṣe ọkọ̀ àpapọ̀. Ó kàn jẹ́ pé iná pupa rẹ̀ ń tàn bí mo bá dúró.

Ríwáyà Peckham
Dúró ná, ẹ̀gbọ́n. 1965? Dáínámò? Bátìrì oní-fóltì 6 méjì ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó? Wáyà wo nínú bátìrì ló lọ sí bọ́dì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Pọ́sítíìfù. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní iléeṣẹ́ MG ní Abingdon ni. Kí ló kan ooru níbẹ̀?

Ríwáyà Peckham
Ohun gbogbo ló kàn án. Títí di òpin 1967, pọ́sítíìfù ló ń wà ní bọ́dì MGB. Ìgbà tí Mk II, MGB ẹlẹ́ẹ̀kejì, dé pẹ̀lú àltánétọ̀ dípò dáínámò ni wọ́n yí i sí négátíìfù. Fáànù, ẹ̀rọ iginíṣọ̀n àti rédíò tí ẹ rà, tí ẹni tó tà wọ́n kò bá kọ ohun mìíràn sí i lára, ọkọ̀ tí négátíìfù wà ní bọ́dì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Mekáníìkì yín so wáyà dúdú mọ́ bọ́dì, ó so èkejì mọ́ iná, bó ṣe máa ń ṣe sí ọkọ̀ gbogbo. Nínú ọkọ̀ tiyín, ìdàkejì nìyẹn.

Iginíṣọ̀n jó, òmíràn jó, rédíò kú. Iná ló wọlé láti ẹnu òdì. Ẹni tó tà wọ́n kọ́ ló jẹ̀bi. Fáànù kì í jó ní tirẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ló wà nínú mọ́tọ̀ rẹ̀, bí iná bá yí padà, yóò máa yí sẹ́yìn ni. Dípò kó ti atẹ́gùn tútù gba inú rédíétọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì, ooru inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń fà gba inú rédíétọ̀ jáde síwájú. Ìdí tó fi ń gbóná bí ẹ bá dúró nìyẹn. Bí ẹ bá ń sáré, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà.

Ohun tó tan gbogbo yín jẹ ni pé sítátà ń ṣiṣẹ́. Sítátà Lucas àtijọ́ kò ní mágnẹ́ẹ̀tì, wáyà ni wọ́n fi wé méjèèjì nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà kan náà ló ń yí, ibi yòówù kí iná gbà wọlé.

Ẹ ṣe èyí báyìí: ẹ tan fáànù nìkan, ẹ́ńjìnì wà ní pípa, ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn rédíétọ̀ láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ bà yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ iwájú ni atẹ́gùn ti ń jáde, a ti mú un.

Láńre Luton
Mo ṣì sọ pé tẹ́mọ́sítáàtì ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Ríwáyà! Iwájú ló ń fẹ́ sí. Mo fi bébà sí ẹnu gírílì, ó fò dànù. Mo yí wáyà méjèèjì fáànù padà, mo sítáàtì, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí fáànù fi tan tó tún kú fúnra rẹ̀. Ooru ò kọjá ibi tó yẹ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní yí bátìrì padà o. Bó ṣe jáde ní iléeṣẹ́ ni mo fẹ́ ẹ.

Àlàbí D-Type
Ìyẹn tọ́. Ẹ̀rọ iginíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún pọ́sítíìfù ní bọ́dì wà lọ́jà. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bàbá Gíà, Birmingham
Ó wà, àmọ́ dáínámò ò lè gbọ́ bùkátà fáànù. C40 tó wà nínú MGB kò ju 22 áńpíà lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré. Bí ọkọ̀ bá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan wá, ìdí tí iná pupa fi ń tàn nìyẹn. Fáànù á sì máa gba nǹkan bí áńpíà 8 sí 10 lára bátìrì. Fi iná iwájú àti waipá kún un lálẹ́ òjò, kí o wo ohun tó máa ṣẹ́ kù. Àltánétọ̀ Lucas 16ACR ń mú 34 wá, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e wà fún 18V. Bí o bá sì ti fẹ́ fi í sí i, o gbọ́dọ̀ yí bọ́dì sí négátíìfù.

Ríwáyà Peckham
Bí ẹ bá yí i, ẹ tẹ̀lé e báyìí. Bátìrì méjèèjì lẹ máa yí, kì í ṣe ọ̀kan. Orí pọ́sítíìfù sanra ju ti négátíìfù lọ, nítorí náà ẹ máa nílò kíláǹpù tuntun. Lára kóìlì iginíṣọ̀n, wáyà tó ń lọ sí dístíríbútọ̀ á bọ́ sórí àmì ìyọkúrò, èyí tó ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá á lọ sórí àmì àròpọ̀.

Bí dáínámò bá ṣì máa wà fún ìgbà díẹ̀, ẹ tú wáyà F kúrò lára rẹ̀, ẹ mú wáyà kan láti ibi tí iná bátìrì ti ń bọ̀, ẹ fi kan ojú F fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó máa ta pàrà díẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún dáínámò ibi tó máa kọjú sí. Bí ẹ kò bá ṣe é, yóò máa ṣiṣẹ́ lódì.

Gọ́ọ̀jì tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì máa kú ní ti 1965 yín, torí ti pọ́sítíìfù ni. Ẹ tú u, ẹ yí wáyà iná àti ti bọ́dì padà nínú rẹ̀, kí ẹ sì yí òrùka wáyà iginíṣọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà. Pọ́ǹpù epo SU oní-kọ́ńtáàtì kò níṣòro, àyàfi bí dáyóòdù bá wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Fáànù ti ń ṣiṣẹ́, mo máa gbé ìyàwó lọ pẹ̀lú dáínámò yìí. Ọ̀sán ni, kò ní sí iná iwájú. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, màá wá 16ACR. Ríwáyà, ṣé rédíò yẹn lè jí bí mo bá yí bọ́dì?

Ríwáyà Peckham
Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì lẹ́yìn rédíò. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló jó, rédíò lè jí. Bí fíúsì kò bá jó, inú rédíò ló ti bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Kí ẹ má so ó títí ẹ ó fi yí bátìrì padà.

Àǹtí Coventry
Inṣọ́ránsì ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kent
Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí, Àǹtí. Wọ́n ti kọ gíábọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, màá fi V5C ránṣẹ́ lọ́la.