Ohun tí POSIX fi sílẹ̀ láìsọ: ibo ni kí n kọ ọ́ sí nínú man page cp?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi mdoc (èdè tí a fi ń ṣètò man page, ìyẹn ìwé ìlò àṣẹ) tún man page cp, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, kan kọ. Lábẹ́ abala STANDARDS, mo ti kọ ọ́ pé ó bá POSIX.1-2008 (ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn ètò bíi Unix) mu, mo sì ya àṣàyàn -a àti -v sọ́tọ̀ pé àfikún ni wọ́n.

Ibi -R, tó ń da fódà kọ pẹ̀lú gbogbo ohun inú rẹ̀, ni mo há sí. Bí èèyàn kò bá fi -H, -L tàbí -P (àwọn tó ń sọ ohun tí cp máa ṣe sí symlink, ìyẹn fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí òmíràn) kún un, POSIX kò sọ èyí tí cp máa mú. Tiwa ń mú -P: symlink gan-an ló ń dà kọ, kì í ṣe fáìlì tó ń tọ́ka sí. Kì í ṣe àfikún, kò sì rú òfin. `mandoc -T lint` kò rí nǹkan kan sọ sí i, torí bí a ṣe kọ ọ́ nìkan ló ń yẹ̀ wò. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó ń kọ script á rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo.

Ṣé abẹ́ -R nìkan ni kí n kọ ọ́ sí, àbí kó wà nínú STANDARDS náà?