Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò lójú títì, ṣé ẹ máa ń bèèrè kí ẹ tó yà á?

Ará Kubwa:
Tèmi ṣẹlẹ̀ ní Kubwa, l'Abuja, nínú ọyẹ́, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Mẹ́ruwà kan ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi kún un dẹ́nu, oòrùn sì ń gba inú eruku yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Lẹ́ńsì gígùn, 200mm, tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ló wà lára kámẹ́rà mi, òdìkejì títì ni mo wà, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mo bá tèmi lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé e sórí Facebook. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ó dára, ó sì dára lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan tí mi ò mọ̀ rí ti gbé e sójú ewé tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òrukàn ni, pé àwọn agbébọn ló lé e kúrò nílùú, kí àwọn aláàánú dìde. Irọ́ ni látòkè délẹ̀. Mi ò tiẹ̀ tètè ka ọ̀rọ̀ náà sí, àfi ìgbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ará Katsina ni. Bàbá rẹ̀ wà láyé. Ohun tí bàbá mọ̀ ni pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ l'Abuja. Omi ni ọmọ ń tà kó lè rí owó tí yóò fi wọ iṣẹ́ náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé títí yóò fi rí i san. Inú fóònù aládùúgbò ni bàbá ti wá rí i, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà ò ní bàbá.

Kò bú mi. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "Me ya sa ba ka tambaye ni ba?" Kí ló dé tí o ò bi mí? Hausa tí mo gbọ́ tó láti lóye rẹ̀, kò tó láti dá a lóhùn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti bọ́ lẹ́ńsì gígùn yẹn sílẹ̀. Lẹ́ńsì kúkúrú, 35mm, ni mò ń lò báyìí, torí pé ẹni tí mo bá fẹ́ fi yà, mo gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn débi tí màá fi kí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, nígbà míì mo ṣì máa ń yà á kí n tó bèèrè. Ojú tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun ní ohun kan tí mi ò tíì rí lójú ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, màá lọ bá a, màá fi àwòrán hàn án, màá sọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí fún un. Bó bá ní rárá, níṣojú rẹ̀ ni màá ti pa á rẹ́. Ọmọdé ní tirẹ̀, mi ò yà á láìrí òbí rẹ̀.

Ọmọ Sábó, Kano:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí gan-an. Ní Kofar Mata, níbi kòtò aró tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498, mo kí bàbá àgbà kan, mo sì jókòó tì í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí kámẹ́rà fi wà nínú báàgì. Aró la ń sọ, torí pé aláró ni ìyá ìyá mi l'Ọ̀ṣogbo. Nígbà tí mo tọrọ fọ́tò, bàbá ní kí n má ya ojú òun, kí n ya ọwọ́ òun. Aró ti dì mọ́ ọwọ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri yàrá mi báyìí.

Ní Hawan Sallah, ìyẹn ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ọdún Sallah tí wọ́n ń pè ní Dọ́bà, mi ò kí ń bi ẹlẹ́ṣin kankan. Ìran ni wọ́n jáde wá fi ṣe, UNESCO náà ti kọ Dọ́bà Kano mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé lọ́dún 2024. Àmọ́ àwọn obìnrin tó ń yọjú lójú fèrèsé ilé ọkọ wọn ò jáde fún ìran. Bí mo bá ti rí wọn, màá dorí kámẹ́rà kodò.

Ará Gwarinpa:
Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ lọ bèèrè ní ọjà Wuse kí ẹ wò ó: gbogbo wọn á na ọwọ́ sókè, wọn á máa rẹ́rìn-ín, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní New York, ọkùnrin Júù kan pe ayàfọ́tò kan, Philip-Lorca diCorcia, lẹ́jọ́ pé ó ya òun ní Times Square láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn òun kò fàyè gbà á. Ní 2006, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni.

Ará Kubwa:
Àbúrò, New York nìyẹn. Níhìn-ín, abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 náà sì wà. Ká tiẹ̀ ní adájọ́ dá mi láre, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó dúró lẹ́nu géètì mi? Ti ọjà Wuse tí o sọ, òótọ́ ni. Ṣe ni mo máa ń dúró. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wíwò mi á ti sú wọn, wọ́n á padà sídìí ata wọn.

Ọmọ náà bá mi pe bàbá rẹ̀, ó ń túmọ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Mo ti pa tèmi rẹ́. Àwọn tó gbé e sójú ewé tiwọn, mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ó ṣì wà níbẹ̀.