Yàrá wo ni kí n mú nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Norway: èyí tí kò ní fèrèsé, onífèrèsé, àbí oníbákónì?

Ìyá Aláró, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Leeds ló sanwó ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi fún èmi àti bàbá rẹ̀, oṣù kẹfà tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni. Southampton nílùú Ọba la ó ti wọkọ̀, a ó dé Stavanger, Bergen, Geiranger àti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Olden, ká tó yí padà. Yàrá tó gbà fún wa wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, ní dẹ́ẹ̀kì karùn-ún, kò ní fèrèsé kankan. Ó ní ohun tí agbára òun ká nìyẹn. Mo ti súre fún un tán, inú mi dùn.

Àfi bí ímeèlì ṣe wọlé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní a lè kúrò ní yàrá yẹn bọ́ sí èyí tó jù ú lọ. Ọ̀nà kan ni ká fi £70 kún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká bọ́ sí yàrá onífèrèsé níwájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé nǹkan dí fèrèsé náà díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ká fẹnu ara wa dá iye tí a lè san fún yàrá oníbákónì, kò gbọdọ̀ dín ní £140 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn wọ́n á gbà á, tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn ká jókòó sáyè wa. Yàrá tó ní pálọ̀ tún wà. Mo rí iye rẹ̀, mo yáa pa fóònù.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Èmi ò lè sùn sínú yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀. Ọyẹ́ ìbáà máa fẹ́, fèrèsé mi á ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ti Bàbá Tóyìn yàtọ̀: mọ́tò lásán ń kọ́ ọ lóòyì. Tí a bá ń lọ Iléṣà, ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé símú, a ò sì ní tíì rìn jìnnà tó fi máa ní kí dẹ́rẹ́bà rọra dúró. Ìyẹn lórí ilẹ̀ o.

Aró ni mò ń rẹ, àdìrẹ ni mò ń tà. Ọjà ni mo mọ̀, mi ò mọ òkun. Nínú ọjà, aṣọ tí wọn ò bá tíì tú lójú mi, mi ò kí í dá iye sí i. Ṣé ti ọkọ̀ yàtọ̀ ni? Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí, kó là mí lọ́yẹ̀.

Tẹ́bẹ́ẹ̀dì

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, Màmá. Mo ṣiṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, yàrá ni mò ń tún ṣe. Ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n fún yàrá, ibi tó wà ni kí ẹ wò.

Tí ìgbì bá dé, imú ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀ ló máa ń lọ sókè sódò. Àárín kì í mì tó bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá sì ṣe ń gòkè sí i ni fífì ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Dẹ́ẹ̀kì karùn-ún láàárín gbùngbùn tí ọmọ yín gbà yẹn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹni tí òòyì ń kọ́. Àwọn olówó tó wà nínú yàrá ńláńlá lókè téńté níwájú, lọ́jọ́ tí Òkun Àríwá bá ń bínú, àwọn ni mo máa ń gbé àpò èébì lọ fún jù.

Ti £70 yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Iwájú ló wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró nígbà tí wọ́n bá ń jù ú sómi ní kùtù, ariwo rẹ̀ ń jí òkú. Nǹkan tí wọ́n ní ó dí fèrèsé, ó sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ agbẹ̀mílà tí wọ́n gbé kọ́ síta. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ìdí ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn, òkè Norway ni ẹ ò ní rí.

Èyí tó kàn yín jù: fèrèsé ọkọ̀ kì í ṣí. Gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ pa ni. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn lẹ ń wá, bákónì nìkan ló ní in.

Ti dídá iye: iye tí ẹ bá kọ, ẹ sọ ọ́ di méjì, torí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ní kété tí wọ́n bá gbà á, wọ́n ti yọ owó lórí káàdì, kò sí pé ẹ yí ọkàn padà mọ́. Wọn ò sì ní bi yín léèrè yàrá tó wù yín, èyí tó bá ṣófo ni wọ́n máa kó yín sí. Ó lè jẹ́ iwájú pátápátá. Ó lè jẹ́ abẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wọ́ àga gbọ̀nrangandan kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Òkè-Fìà ní Stavanger

Màmá wa, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi nìyẹn! Ọdún 2005 tí UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun wa sínú ìwé ni wọ́n kọ Geirangerfjord náà (fjord ni apá òkun tóóró tó wọ àárín òkè), nítorí náà ilé lẹ̀ ń ti bọ̀ wá sílé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti oṣù kẹfà fún yín. Ní Bergen, ó máa ń kọjá aago mọ́kànlá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀ ló tún ti yọ. Òru ò ṣókùnkùn tán. Àlejò tó bá wà ní yàrá onífèrèsé á máa fi kọ́tìnnì jà. Yàrá tí kò ní fèrèsé dúdú kirikiri, oorun ibẹ̀ dáa.

Òtútù ńkọ́? Bergen, òjò ni tiẹ̀. Nínú fjord, àárọ̀ oṣù kẹfà lè wà ní 10°C, ẹni tó ti Òṣogbo wá á gbọ̀n. Mo ti rí àwọn tó sanwó bákónì tí wọ́n jókòó sínú yàrá, tí wọ́n ń yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Geirangerfjord gùn tó kìlómítà 15. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wọlé náà ló máa gbà jáde, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dáa ju òsì lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ tètè jí, ẹ gun dẹ́ẹ̀kì òkè lọ, ẹ ó rí omi tó ń já láti orí òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní Arábìnrin Méje, ọ̀tún òsì ló ṣí fún yín níbẹ̀, ẹ ò sì san kọ́bọ̀.

Ìyá Aláró, Òṣogbo

Háà! Fèrèsé kì í ṣí? Kí ni mo wá fẹ́ fi £70 lọ́nà méjì, £140, ra gíláàsì sí!

Tẹ́bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá rí bákónì, ṣé mo lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ sùn?

Tẹ́bẹ́ẹ̀dì

Wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù máa ń kú ní gbàrà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Tí ọkọ̀ bá wá ń sáré, atẹ́gùn á máa súfèé wọlé, ẹ ó gbàgbé oorun. Ọ̀sán ni bákónì wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé bákónì ò wúlò fún Bàbá o. Ẹni tí òòyì ń kọ́, tó bá rí atẹ́gùn tútù, tó sì ń wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Àga wà lókè fún gbogbo èèyàn tó bá fẹ́ ṣe ìyẹn. Kí Bàbá gba oògùn òòyì lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó kúrò nílé. Kí èébì tó dé ni wọ́n ń lò ó.

Alágbàtà Tíkẹ́ẹ̀tì, Ìbàdàn

Ẹ ǹlẹ́ mà. Ẹ má bá wọn ta tẹ́tẹ́ dídá iye yẹn. Kí ọmọ yín, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí owó, pè wọ́n, kó béèrè iye tí wọn yóò fi kún un lónìí fún bákónì láàárín ọkọ̀, kó sì gba nọ́ńbà yàrá náà gan-an. Kó wo àwòrán dẹ́ẹ̀kì: yàrá ló yẹ kó wà lókè rẹ̀, yàrá ló yẹ kó wà nísàlẹ̀.

Físà ńkọ́? Norway kò sí nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo físà kan náà. Físà Schengen lẹ máa gbà. Ti ìlú Ọba sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbà yín láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹ ó jáde, ẹ ó tún padà sí Southampton.

Ìyá Aláró, Òṣogbo

Ó ti pè wọ́n. Bákónì kan wà ní dẹ́ẹ̀kì kẹjọ, àárín gan-an, £190 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó béèrè ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, yàrá ni méjèèjì. Ọjà tí wọ́n tú hàn mí nìyẹn, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. £380 fún ilẹ̀kùn tí mi ò ní lè ṣí lóru! Bàbá Tóyìn ti gbọ́ pé dẹ́ẹ̀kì karùn-ún kì í mì, ẹ ò lè fi màlúù fà á kúrò níbẹ̀ mọ́.

A ò kúrò ní yàrá tí ọmọ mi gbà fún wa. Owó tí ọmọ mi fẹ́ wá, mo ní kó fi ra jákẹ́ẹ̀tì òjò fún àwa méjèèjì, kó sì sanwó Fløibanen, ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè ní Bergen. Ìyẹn ló wù mí. Ti atẹ́gùn, màá fara dà á.

Tẹ́bẹ́ẹ̀dì

Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Nǹkan méjì péré. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìkànnì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá tó ń fi ohun tó wà níwájú ọkọ̀ hàn; ẹ tàn án sílẹ̀ láìsí ohùn, ẹ ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kí ọmọ yín sì sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé yín kúrò ní yàrá yín, kódà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi yàrá tó wọ́n jù ṣe èèyàn lóore láìbi í, ó sì lè jẹ́ èyí tó wà níwájú lókè ni wọn yóò fún Bàbá.