Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mọ ìtẹ́ sókè ilẹ̀kùn wa

Ìyá Onílé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbẹ́ ẹyẹ ti ba táìsì fárándà jẹ́. Ṣé kí n fi ìgbálẹ̀ wó ìtẹ́ ọ̀hún?

Kápẹ́ńtà: Rárá mà, bí ẹyin tàbí ọmọ bá wà níbẹ̀. Ẹyin ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó di ọmọ, ọmọ á lo bí ọ̀sẹ̀ 3 kó tó fò. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kó gba ìgbẹ́. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ológbò á rí ibi dúró.

Àjíṣefínní: Ẹ má gbá ìgbẹ́ gbígbẹ o, eruku rẹ̀ léwu. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi ọṣẹ sí i, kẹ́ ẹ bo imú.

Kápẹ́ńtà: Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ ha ẹrẹ̀ ìtẹ́ náà kúrò, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí igun yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á padà. (Tèmi ni, màá fi wọ́n sílẹ̀: kòkòrò ni wọ́n ń jẹ.)