Bàálù ti balẹ̀ tán, kí ló tún gbé e wọ kòtò?

Abéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú tòde bàálù. Bàálù A340 ti iléeṣẹ́ Air France tó já wọ kòtò ní Toronto, ní Kánádà, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni mo ń bi yín. Èèyàn 309 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì jáde láàyè kí iná tó jó o tán. Rọ́ńwè yẹn gùn ní mítà 2,743. Búrẹ́èkì ṣiṣẹ́, rìfáàsì ẹ́ńjìnnì, tó ń da agbára ẹ́ńjìnnì síwájú kí eré lè dín kù, náà ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí kò fi lè dúró? Ṣé òjò nìkan náà ni?

Atúnbàálùṣe
Òjò wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí táyà ti kanlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ló yẹ kí bàálù fi ga nígbà tó bá ń kọjá lórí ẹnu rọ́ńwè, kí táyà sì kanlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí 1,500. Atẹ́gùn yí padà mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́, ó wá ń ti bàálù lẹ́yìn, ni wọ́n bá ga ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹsẹ̀ bàtà 10 téèyàn bá fi ga jù ń jẹ nǹkan bí 200 nínú rọ́ńwè. Lẹ́yìn náà, bàálù tún ń léfòó lọ. Ìgbà tó fi kanlẹ̀, ó ti tó ẹsẹ̀ bàtà 3,800, ìyẹn bíi mítà 1,160. Kò ju bíi mítà 1,580 tó kù lọ, lórí ilẹ̀ tó rin gbingbin.

Wọ́n tún pẹ́ kí wọ́n tó fa rìfáàsì: ìṣẹ́jú àáyá 12.8 lẹ́yìn tí táyà kanlẹ̀, ó sì di 16.4 kó tó lágbára tán. Ẹ rántí pé bàálù tó ń sá 130 nọ́ọ̀tì (bíi kìlómítà 240 ní wákàtí kan) ń gba mítà 67 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Eré bíi 80 nọ́ọ̀tì ló ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí rọ́ńwè tán.

Orí_Apá
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ rìfáàsì lará ayé máa ń pariwo ṣá, wọn kì í dárúkọ spoiler, àwọn irin pẹlẹbẹ tó máa ń dìde lórí apá bàálù. Bí wọn ò bá dìde, apá ṣì ń gbé bàálù sókè, ìwúwo rẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, búrẹ́èkì ò sì ní ohun tó máa dì mú.

Ẹ wo bàálù A320 ti iléeṣẹ́ TAM ní Congonhas, pápákọ̀ òfuurufú kan ní São Paulo, ní Brazil, lóṣù keje ọdún 2007. Rìfáàsì ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, wọ́n ti tì í pa ṣáájú, èyí tí òfin gbà láyè. Àwọn awakọ̀ fa ọwọ́ ẹ́ńjìnnì òsì sí rìfáàsì, wọ́n fi tọ̀tún sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé e sí bí bàálù bá ń gòkè. Kọ̀ǹpútà rò pé wọ́n ṣì fẹ́ máa fò ni: spoiler ò dìde, autobrake, búrẹ́èkì tó ń mú fúnra rẹ̀, ò mú, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún sì ń tì í lọ. Èèyàn 199 ló kú, 12 nínú wọn sì wà lórí ilẹ̀.

Abéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Omi tí wọ́n ní ó máa ń gbé táyà léfòó ńkọ́?

Atúnbàálùṣe
Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ wá square root afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà, ní psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), kí ẹ sọ ọ́ dọ̀nà 9. Táyà tó ní 200 psi lè léfòó láti bíi 127 nọ́ọ̀tì, bí omi bá dúró lójú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń la ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú rọ́ńwè kí omi lè ríbi gbà, tí wọ́n sì ń ha rọ́bà táyà tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ẹni tó bá ń balẹ̀ nínú òjò ò gbọdọ̀ máa wá kó rọra balẹ̀ bí ẹyin: kó jẹ́ kí táyà fi agbára kanlẹ̀ dáadáa kó lè fọ́ omi yẹn, kó tẹ búrẹ́èkì mọ́lẹ̀ gbọin, kó má máa tẹ̀ ẹ́ tú u.

Bí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ bá wá ń fà á kúrò láàárín, kó dín rìfáàsì kù, kó tú búrẹ́èkì sílẹ̀, kó kọ́kọ́ tọ́ imú bàálù, kó tó tún gbá wọn mú.

Orí_Apá
Àti pé kí awakọ̀ tó fa rìfáàsì ló ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun á tún gbéra. Tó bá ti fà á, ìdúró ló kù.