Ìpara ojú wo ni ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́?

Àbẹ̀ní: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ojú mi ti sú mi. Irorẹ́ àti àmì dúdú kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìpara tí wọ́n polówó tí n kò tíì rà. Obìnrin tí ó ta ọ̀kan fún mi lórí WhatsApp ṣèlérí pé ojú mi yóò máa dán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ó ń ta mí, ńṣe ni ó bùlọ́ọ̀kì mi. Níbi ìkómọ ọmọ àbúrò ọkọ mi, ìyá ọkọ mi bi mí níwájú àlejò bóyá iná ni ó jó mi lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ ìpara kan péré.

Màmá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Òrí àti ọṣẹ dúdú nìkan ni èmi mọ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń bi mí léèrè ohun tí mo ń lò.

Apoògùn: Màmá, òrí dára fún awọ tí ó gbẹ, àmọ́ kì í wo irorẹ́. Arábìnrin, irorẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kojú, nítorí bí kò bá dáwọ́ dúró, àmì tuntun kò ní yé yọ. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìpara, kì í ṣe àwòrán ara páálí: benzoyl peroxide àti adapalene wà fún irorẹ́, azelaic acid ń bá irorẹ́ àti àmì dúdú jà. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, kí ẹ sì máa fi ìpara adènà oòrùn tí ó ní SPF 30 lé e láàárọ̀, torí oòrùn ń mú kí àmì dúdú sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń pa báyìí? Ṣé ẹ lóyún, àbí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú?

Àbẹ̀ní: Ẹ ṣé, Màmá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo yín pé n kì í bóra o. Ìpara lásán ni mo ń lò.

Ọmọ Òṣogbo: Kò sí ẹni tí ń bóra tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà lára ike rẹ̀?

Àjọkẹ́: Nọ́ńbà wo? Àwọn ayédèrú náà ń tẹ nọ́ńbà sára páálí tiwọn.

Ọmọ Òṣogbo: Èyí tí kò ní rárá wá ńkọ́?

Àbẹ̀ní: Kò sí nọ́ńbà, nítorí pé wọ́n pò ó fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe fún túúbù mẹ́ta sínú rẹ̀, mo sì rí clobetasol lára ọ̀kan. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣebí wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì. Ìgbà tí mo tilẹ̀ fi í sílẹ̀ ni ojú mi pọ́n, tí ó wú, tí irorẹ́ bò ó, ni mo bá padà sí i.

Apoògùn: Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Clobetasol wà lára àwọn steroid (oògùn tí ń mú kí awọ tó wú tàbí tó ń yún rọlẹ̀) tí ó lágbára jù lọ, kò yẹ kó kan ojú láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó. Òun fúnra rẹ̀ ń fa irorẹ́, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tó ti lò ó pẹ́ bá sì fi í sílẹ̀ lójijì, ojú lè pọ́n kí ó sì máa ta á. Ẹ má tíì ra ìpara mìíràn. Ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà awọ ara, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, kí ó sọ bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀. Irú nǹkan pípò báyìí tún lè ní mẹ́kúrì, tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

Màmá Ìbejì: Mo kúkú ti sọ pé òrí ni.

Àbẹ̀ní: Dókítà wọ̀nyẹn gbówó lórí. Mo ní ọmọ oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ tí ọmú nìkan ni ó ń mu, owó ò sì sí nílé. Gbogbo ara ni mo ń fi ìpara náà pa, àyà pẹ̀lú, kò sì tíì ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ṣé n kò lè dúró di ìparí oṣù?

Apoògùn: Rárá o. Ẹ má fi kan àyà yín mọ́ láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa kí ọmọ tó tún mu ọmú, kí ẹ sì gbé ọmọ náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la.