Ẹ̀fọ́rí ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́

Ará Kubwa:
Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ní kí oníkálukú sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́wọ́ túúlù (migraine). Tèmi fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kubwa l'Àbújá níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ kóòdù sì ni mò ń ṣe lóru fún àwọn kílíníìkì kan l'Amẹ́ríkà. Dókítà wọn á kọ ohun tó rí lára aláìsàn, èmi á kà á, màá sọ ọ́ di nọ́ńbà kí adójútòfò tó sanwó. Nínú ICD-10, ìwé tí wọ́n to nọ́ńbà àìsàn sí, túúlù wà lábẹ́ G43. Èyí tó ti di bárakú, tí kì í kọ mànà lójú kó tó dé, G43.7 ni lọ́dọ̀ wọn. Tí dókítà bá kọ ọ́ pé oògùn ò ràn án, G43.719 ni. Tí kò bá kọ ọ́, G43.709 ni màá lò, bí mo tiẹ̀ rí i pé oògùn mẹ́rin ni aláìsàn náà ti lò láìrí ìtura. Mi ò gbọ́dọ̀ méfò. Mo lè kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu.

Kí a tó pe túúlù ní bárakú, orí gbọ́dọ̀ máa fọ́ fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó lé ní oṣù 3, kí ọjọ́ 8 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ ti túúlù gan-an: èyí tó ń lù kìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí èébì ń gbéni, tí èèyàn ò lè wo iná. Bí àkọsílẹ̀ ò bá sọ iye ọjọ́, owó abẹ́rẹ́ Botox tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ di ìjà pẹ̀lú adójútòfò nìyẹn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé torí ẹwà nìkan ni, láti 2010 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i l'Amẹ́ríkà fún túúlù bárakú. Ojú 31 ni wọ́n ń gún un sí lórí, lọ́rùn àti léjìká, ní ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 12.)

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ o. Àfi ìgbà tó kan orí tèmi.

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ooru Àbújá mú bí iná. Ẹ̀yìn ojú mi ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàrà ìsàlẹ̀ ilé wa á gbé epo kaná, òórùn yẹn nìkan ti tó. Ilẹ̀ táìlì balùwẹ̀ ni mo máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, nítorí ó tutù, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò á sì máa gbọ̀n án títí wọ inú eyín mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọsibítù. "Kí ló ń ṣe yín?" "Dókítà, orí ló ń fọ́ mi." "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" "Ọjọ́ Sátidé." Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílùú wa, ibà lẹni àkọ́kọ́ tí a máa ń mú. Nígbà tí mo wá ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ (neurologist), HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera wa, ò fún wa ní kóòdù àṣẹ. Wọ́n ní ẹ̀fọ́rí lásán ni.

Mo lọ bá obìnrin ará Ìlọrin kan ní ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ó ṣí tèmi. Báírò búlúù: *Headache × 3/7*. Ó ṣí ìwé kejì: *Headache × 3/7*. Ẹ̀kẹta, *× 2/7*. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ èdè wọn, 3/7 ni ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀, R51 ni wọ́n fi sí i, ẹ̀fọ́rí ṣáá. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́. Pé ó tún ti ṣe mí lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, àti èyí tó ṣáájú ìyẹn, mi ò sọ.

Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ohun tí dókítà bá kọ làwa náà ń kọ. A ò lè fi tiwa kún un."

Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ń sọ lálaalẹ́ rèé! Ẹ̀rín pa mí, orí sì ń fọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ra ìwé ọmọ iléèwé. Ọjọ́ tí orí bá fọ́, mo fa igi. Tó bá jẹ́ túúlù, mo fi X sí i. Tí mo bá lo oògùn, mo yí òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, igi 19, X 11. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, mo gbé e síwájú dókítà. Ó kà á láìsọ̀rọ̀, ó béèrè bóyá mo ní ikọ́ fée (asthma) kó tó kọ propranolol, oògùn tí kì í jẹ́ kí túúlù máa wá lemọ́lemọ́, fún mi, ó sì kọ gbogbo iye ọjọ́ náà sínú lẹ́tà. Ìyẹn ni HMO gbà.

Ìyá Zaria:
Ẹ ṣé, ọmọ mi. Èmi, òdo yẹn ló mú mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí. Dókítà ní parasitámọ́ọ̀lù lásán tó bá ti di ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí alápòpọ̀ (èyí tí wọ́n po ju oògùn kan lọ pọ̀) tó bá di ọjọ́ 10, fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ lè máa fọ́ni lórí. Mo rò pé ó ń bú mi ni.

Akọ̀wé Kàdúná:
Ọ̀fíìsì rékọ́ọ̀dù lèmi wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá G43.7 yẹn lọ́dọ̀ wa, àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi kún tiwọn. Kò sí nínú ICD-10 ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tí àwa ń lò. Nínú ICD-11, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, ló ti wá ní tirẹ̀, 8A80.2.

Ìyá Zaria:
Ọjọ́ tó kàn rọra ń dùn mí ńkọ́, tí mo ṣì ń dáná, ṣé ká kà á?

Ará Kubwa:
Ẹ kà á, mà. Òun gan-an ni mi ò kà nígbà yẹn. Ẹ fa igi, kí ẹ má fi X sí i.